Ẹ̀wọ̀n Ṣáájú Ìdájọ́

Irin tí a so kọ́ra tí a fi ń de ènìyàn ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀wọ̀n, kí ó tó di orúkọ ọgbà tí ìjọba ń kó ọ̀daràn sí. Láyé àtijọ́, owó ìtanràn, pàṣán, lílé kúrò nílùú tàbí ikú ni ó sábà máa ń jẹ́ ìjìyà ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọdún gbọọrọ nínú àhámọ́ kò wọ́pọ̀. Baálé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, a di ti ìjòyè àdúgbò. Ti ẹ̀jẹ̀ a sì di ti ọba àti àwọn Ògbóni. Olùfisùn, afurasí àti ẹlẹ́rìí a pé síwájú àgbà, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ayé ìgbà náà ní àbùkù tirẹ̀. Ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí a máa dé ojúbọ fún ìbúra, ìyára yìí a sì máa gbé aláìṣẹ̀ mì nígbà mìíràn.

Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a gbé ẹni tí a mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà. Bí oṣù méjì bá kọjá tí a kò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, kí a tú u sílẹ̀, àfi ẹni tí a fura sí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ tí a kò tíì dá lẹ́bi. Kóòtù májísíréètì tí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn ni a kọ́kọ́ ń gbé afurasí lọ. Adájọ́ a ní kí a fi í pamọ́ ná, kí fáìlì lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Fáìlì a sùn síbẹ̀. A gbé ọlọ́pàá tí ó ṣe ìwádìí lọ sí ìlú mìíràn. Ẹlẹ́rìí a kó kúrò nílé. Bí adájọ́ bá sì gba ìgbéga lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni adájọ́ tuntun yóò tún gbọ́ ẹjọ́ náà. Òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 fún irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ láyè láti padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, pé kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu.

Bí kóòtù bá wá dá ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, aládùúgbò kì í béèrè ohun tí adájọ́ wí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí ìdílé rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí.