Ìwé Ìbí àti Ìwé Ikú

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí a bá ṣí Bíbélì àgbà, a óò rí ojú ewé kan tí bàbá tàbí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ẹni tí kò rí irú èyí a máa lọ wá ìwé ìrìbọmi ní ìjọ rẹ̀. Àwọn tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìtàn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí: a bí èyí ní ọdún lúkúlúkú, èyíinì ni 1918, a bí ekejì nígbà tí eéṣú bo oko. Àwa kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tọ́ wa dàgbà kò ní ẹ̀rí mìíràn. Ṣùgbọ́n báǹkì kì í gba ìtàn eéṣú.

Kì í ṣe pé ìjọba kò tètè bẹ̀rẹ̀. Láti 1863 ni a ti ṣe òfin ní Èkó pé kí a máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di 1979 kí òfin tó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn jákèjádò Nàìjíríà, òfin mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 1992. Nísinsìnyí, ilẹ̀kùn méjì ni ó wà fún ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin kan náà sì fún Àjọ Ìkànìyàn ní àṣẹ láti máa kọ ìbí àti ikú káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà ni ẹnì kan fi lè gba ìwé ní kàǹsù, kí àwọn tí ń ṣe ìwé ìrìnnà sì sọ fún un pé ti Àjọ ni àwọn ń fẹ́. Ó dùn wá pé tálákà ni ó ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lórí ohun tí àwọn olófin kò yanjú láàrin ara wọn.

Láàrin 60 ọjọ́ ni òfin 1992 ní kí bàbá tàbí ìyá lọ kọ ìbí ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni àwa ń sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà 52 ọjọ́ ni ó ṣẹ́kù. Àwọn akọ̀wé Àjọ wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, a sì ń rí wọn ní ilé ìtọ́jú aláboyún níbi tí a ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ohun tí akọ̀wé kọ kí ẹ tó dìde. Ọmọ tí a kọ ní Shola nínú ìwé ìrìbọmi, tí a sì kọ ní Sola nínú ìwé ìbí, ènìyàn méjì ni lójú òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìyá rẹ̀.

Ti ikú ni a ń fi jáfara jù. Ìyá kan nínú ẹbí wa pàdánù ọkọ rẹ̀. Ilé ni bàbá náà kú sí. A sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì ṣe ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí ìwé. Nígbà tí ìyá náà lọ béèrè owó tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ sí báǹkì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó níbẹ̀ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Màmá, kí ni ẹ mú wá tí ó fi hàn pé bàbá ti kú?” Ìyá náà wo aṣọ ọ̀fọ̀ tí ó wà lára rẹ̀, kò sì lè dáhùn. A padà tọ àlùfáà tí ó sin òkú lọ, ó kọ ìwé fún wa; a búra ní ilé ẹjọ́; lẹ́yìn náà ni a tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, tí a tún fi padà sí ilé ẹjọ́ nítorí àṣẹ lórí ogún. Oṣù márùn-ún ni ó gbà, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì wà nínú owó náà. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni ó kú sí ni, ìwé tí dókítà fi sọ ohun tí ó pa á ni à bá mú lọ, ọ̀nà ìbá sì kúrú.

Àgbàlagbà tí a kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ ní kékeré kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù: Àjọ a máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìjẹ́rìí dípò ìwé ìbí. Láti 2023 ni wọ́n sì ti ń kọ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé ìrìbọmi yín dání bí ẹ bá ń lọ.