Ọkọ̀ kíkàn ní Ìlàjẹ: Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò yẹ kó parun

Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ará etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òun ni wọ́n fi ń pẹja, òun náà ni wọ́n fi ń kó ẹja lọ sí ọjà Igbókọ̀dá. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé aláìsàn sí lọ gba ìtọ́jú, inú rẹ̀ náà ni ìyàwó ń wọ̀ dé ilé ọkọ. Nítorí náà, ẹni tó ń kan ọkọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láàárín wọn.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tó wà ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ṣalábàápàdé ọkọ̀ onígi lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún.

Odidi igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn baba ńlá wa ṣe ń gbẹ́ tiwọn. Wọ́n á gé igi ńlá lulẹ̀, wọ́n á fi àáké gbẹ́ inú rẹ̀ bí ọpọ́n, wọ́n á wá yáná sí i kó lè rọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lè fẹ̀ sí i. Bí iná bá pọ̀ jù, igi á là. Bí kò bá tó, igi kò ní gbọ́ràn.

Nígbà tí igi ńlá di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ kò kú. Pákó ni wọ́n bọ́ sí. Wọ́n ń fi ìṣó kan pákó mọ́ra, wọ́n ń fi òwú dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kùn ún. Ojú ni ìwọ̀n, ọwọ́ ni olùkọ́. Ojú pákó kan ṣoṣo tí a kò dí dáadáa lè di ẹkún fún èrò tó wà láàárín odò.

Lónìí, ọkọ̀ fáíbà ti ń gbalẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í jẹrà bí igi. Òkun pàápàá kò dẹwọ́. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí ọkọ̀ kíkàn, omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ilé bá lọ, ibi iṣẹ́ á lọ, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ á sì fọ́n ká.

Iṣẹ́ tí a kò kọ sínú ìwé, ọwọ́ ọmọṣẹ́ ló ń gbé. Ọ̀gá tó bá kú láìní ọmọṣẹ́ ti gbé e lọ nìyẹn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó yẹ kí àwọn òbí máa fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, ó kéré tán nígbà ìsinmi ilé ìwé, kí ìjọba náà sì fún wọn ní ibi iṣẹ́ tí òkun kò lè tètè dé. Àwọn tó fi odidi igi sílẹ̀ bọ́ sórí pákó lè kọ́ ti fáíbà pẹ̀lú. Ọwọ́ tó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń léfòó ni kò gbọdọ̀ parẹ́.