Nígbà Tí Fóònù Ilé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Kò Bá Dún Mọ́

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ètò fóònù ilé tó ń gba orí wáyà kọ́pà láti ayébáyé ti ń kógbá sílé ní Ìlú Ọba. Ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ilé yóò wà. Ẹ má torí èyí ju fóònù àtijọ́ nù. Ádáptà, àpótí kékeré tó ń wà láàárín fóònù àti ráútà, ni yóò máa bá a gbé ohùn lọ, gbé ohùn bọ̀. Nínú àwọn ilé kan, ẹ̀yìn ráútà gan-an ni ihò fóònù wà. Àwọn tí àpótí tiwọn dá dúró là ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, pàápàá àwọn ọmọ tó ń bá màmá tàbí bàbá tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ṣáájú

Fóònù àtijọ́ ń rí iná gbà láti inú wáyà tẹlifóònù fúnra rẹ̀. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná ilé bá lọ, ráútà kú, ádáptà kú, 999 kò ṣeé pè nìyẹn. Bó bá jẹ́ fóònù ilé nìkan ni àgbàlagbà kan ní, tàbí tí fóònù alágbèéká kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé rẹ̀, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yín. Ofcom, àjọ tó ń mójú tó wọn, ní kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi lè pe pàjáwìrì fún wákàtí kan ó kéré tán bí iná bá lọ. Ẹni tó bá ń gbé bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ kọ́ ọrùn, kí ó bá àwọn tó ni bọ́tìnnì náà sọ̀rọ̀ kí ó tó yí ohunkóhun padà, kí wọ́n sì jọ dán an wò lẹ́yìn náà.

Wáyà ni ká kọ́kọ́ wò

Okùn fóònù ń wọ ihò tí wọ́n kọ Phone tàbí Phone 1 sí. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti fóònù lọ, ń ti ara ádáptà bọ́ sí ihò LAN lẹ́yìn ráútà. Ẹ má ki okùn ádáptà bọ ihò tẹlifóònù àtijọ́ ara ògiri. Iná tó ṣì wà nínú wáyà yẹn lè bà á jẹ́. Ẹ wá pa ráútà àti ádáptà. Ráútà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ara rẹ̀ balẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tan ádáptà. Ọ̀pọ̀ wàhálà ń parí síbí.

Ohun tí fóònù ń ṣe ni kí ẹ tẹ̀ lé

Bí ẹ bá gbé e sétí tó dákẹ́ lọ gbári, ó ṣeé ṣe kí ádáptà má tíì rí ilé-iṣẹ́ yín bá sọ̀rọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé, ẹ bi ádáptà ní àdírẹ́sì tí ráútà fún un. Lórí Grandstream, ẹ tẹ ìràwọ̀ mẹ́ta, kí ẹ tẹ 02. Lórí Cisco SPA, ìràwọ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà 110 àti #. Yóò kà á sí yín létí. Bó bá pe 0.0.0.0, okùn tàbí ihò ráútà ni kí ẹ fura sí.

Èyí tó ń sú èèyàn jù ni kí ẹ̀gbọ́n ní Èkó máa gbọ́ yín, kí ẹ̀yin má gbọ́ ọ. Ẹ má tíì bú ádáptà. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà tó ń jẹ́ SIP ALG. Wọ́n ṣe é láti ran fóònù lọ́wọ́, àmọ́ ìṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí a fi lẹ́tà rán ló ń ṣe, tó tú u wò lọ́nà, tó sì tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ kọ. Ohùn á wá gba ibòmíràn lọ. Ẹ pa á. Lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé, ẹ kọ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Èyí tó jẹ́ ti ráútà yín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, wà lórí sítíkà tó wà lára rẹ̀. Ẹ wá SIP ALG lábẹ́ Advanced, Firewall tàbí NAT, ẹ yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀, ẹ tẹ Save, ẹ pa ráútà àti ádáptà, ẹ tún wọn tàn. Àwọn ráútà kan kì í fi í hàn. Ilé-iṣẹ́ yín nìkan ló lè bá yín pa á.

Bí ẹ bá ń rí èèyàn pè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè yín tí kò dún, ó lè jẹ́ pé ráútà ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí fóònù dákẹ́ pẹ́. Nínú ètò ádáptà, ẹ tan NAT Keep Alive, ẹ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ráútà bá jẹ́ méjì nínú ilé, bóyá ẹ ra ìkejì kí Wi-Fi lè dé yàrá òkè, ẹ fi ádáptà sí ara ti ilé-iṣẹ́.

Ohùn tó ń gé kì í sábà jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì kéré. Ìpè kan kì í jẹ tó kilobit 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀. Ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ nínú yàrá kejì ló dí ọ̀nà. QoS nínú ráútà ni ẹ ó fi fún ádáptà ní ipò iwájú.

Ẹnìkan lè ní kí ẹ ṣí port 5060, ẹnu ọ̀nà tí ìpè ń gbà, nínú ráútà, tàbí kí ẹ gbé ádáptà sí DMZ, ibi tí ráútà kì í ti dáàbò bo ẹ̀rọ. Ẹ má dá a lóhùn. Tọ̀sán-tòru ni àwọn olè ń wá 5060 tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n lè fi fóònù yín pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè, kí bíìlì sì bọ́ sí yín lọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà ádáptà bá ṣì jẹ́ admin, ẹ yí i padà lónìí.

Àdírẹ́sì tí 999 ń rí

Àdírẹ́sì tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín ni àwọn òṣìṣẹ́ 999 ń rí. Bí ẹ bá kó lọ sílé mìíràn, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà yí i padà. A mọ̀ pé àwọn kan ń gbé ádáptà dání lọ sí Nàìjíríà kí nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù wọn lè máa dún ní Ìbàdàn. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi pe 999 níbẹ̀, ilé Lọ́ńdọ̀nù ni áńbúláǹsì lè gbà lọ. Fóònù alágbèéká ni kí wọ́n fi pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà.