Ìrọ̀rùn Oníṣẹ́, Ìnira Ẹni Tó Ń Lò Ó



Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ náà gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ojú-ewé tí yóò kọ orúkọ sí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ dátà inú fóònù rẹ̀ tán kí ó tó ṣí. Ọmọ náà rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹrù ni wọ́n dì lé e lórí.

Ẹrù wo nìyẹn? Àwọn tó ń ṣe irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ kì í kọ gbogbo àṣẹ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a máa lo àkójọ àṣẹ tí àwọn ẹlòmíràn ti fi èdè JavaScript kọ sílẹ̀. jQuery jáde ní 2006. Ní 2013, Facebook fi React lé gbogbo ayé lọ́wọ́. Irinṣẹ́ wọ̀nyí dára: iṣẹ́ a yá, àṣìṣe a sì dín kù. Ṣùgbọ́n fóònù tiwa ni yóò fa àkójọ náà wọlé, tí yóò kà á, tí yóò sì ṣe ohun tó wí. Bí a tilẹ̀ fún React pọ̀, ó lé ní kilobaiti 40 kí oníṣẹ́ tó kọ ìlà kan ṣoṣo tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò tó kilobaiti 4.

Bíríkìlà a máa to igi tí yóò gùn láti mọ ilé. Bí ilé bá parí, a kó igi rẹ̀ kúrò. Kì í fi í sílẹ̀ ní yàrá kí onílé máa fò ó kọjá. Ọ̀nà yìí ni Svelte, tó jáde ní 2016, ń tọ̀: ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́, kí ó tó fi ìwọ̀nba àṣẹ ránṣẹ́ sí wa.

N kò sọ pé kí oníṣẹ́ máa fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀. Irinṣẹ́ tó bá ni í lára a máa bí àṣìṣe, àwa náà la ó sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ó fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára. Ẹlẹ́rù ní í kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ kí a tó bá a gbé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi rí fóònù mi yá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò rí yá ńkọ́?