Christopher Hill àti Ìtumọ̀ Ogun Abẹ́lé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí Christopher Hill tó gbé ìwé rẹ̀, The English Revolution 1640, jáde ní 1940, èrò tí S. R. Gardiner ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn òpìtàn: pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti òmìnira Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni ó dá ogun sílẹ̀ láàárín Ọba Charles Kìíní àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Hill kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn òbí tí ó bí i ní York ní 1912, ṣùgbọ́n tíọ́rì Karl Marx ni ó fi wo ìtàn. Lójú tirẹ̀, àwọn oníṣòwò àti onílẹ̀ tí ń pawó ní ọ̀nà tuntun ni ó jàǹfààní ogun náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀-ọba ti wọlé. Hill tọ́ka sí òfin ọkọ̀ ojú omi ti 1651, tí ó ká àwọn oníṣòwò Holland lọ́wọ́ kò, àti sí Jàmáíkà tí ọmọ ogun Cromwell gbà lọ́wọ́ Spéènì ní 1655. Síbẹ̀, Cromwell fúnra rẹ̀ ka ìkùnà wọn ní Hispaniola ní ọdún kan náà sí ìbáwí Ọlọ́run. Ìṣòwò nìkan kò lè túmọ̀ irú ọkàn bẹ́ẹ̀, Hill pàápàá kò sì fojú kéré ẹ̀sìn.

Ó fi Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì sílẹ̀ ní 1957. Ó jẹ́ olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol ní Oxford láti 1965 sí 1978. Ní 1972 ni The World Turned Upside Down jáde, ìwé tí ó gbé ohùn àwọn mẹ̀kúnnù síta: Winstanley àti àwọn Digger tí wọ́n gbin ẹ̀wà àti kárọ́ọ̀tì sórí ilẹ̀ àjùmọ̀lò ní Surrey ní 1649, àti àwọn Ranter tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kò sí. Ìwé pélébé ayé ìgbà náà ni ó gbára lé jù. George Thomason, òǹtàwé kan ní London, nìkan kó ohun tí ó lé ní 22,000 jọ.

Ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí ni àtakò dé bá. Ní 1975, J. H. Hexter fẹ̀sùn kàn án pé ẹ̀rí tí ó ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn nìkan ni ó ń ṣà. Ẹ̀sùn náà kò ṣeé gbójú fò, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìbéèrè tí Hill béèrè. Ti J. C. Davis ní 1986 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ń jẹ́ Ranter, pé àwọn ọ̀tá àti àwọn òǹtẹ̀wé ni ó hun ìtàn wọn. (Ta ni yóò sì gba ẹ̀rí ọ̀tá láìyẹ̀ ẹ́ wò?) Hill fèsì ní 1987, kò sì yí ohùn padà.