Ojú tí Òṣìṣẹ́ Rò pé A Fi Ń Wo Òun

Kì í ṣe owó oṣù nìkan ni í darí ìwà òṣìṣẹ́. Ohun tí ó rò pé àwọn ẹlòmíràn ń rò nípa òun a máa darí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn, ni Ilé Kòkó wà, ilé alájà 26 tí a parí ní ọdún 1965. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àti ní àwọn báńkì àti ọ́fíìsì àdúgbò náà, ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ rẹ̀ a máa rí ara wọn lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọn kì í rí inú ara wọn. Bí akọ̀wé kan bá kí ọ̀gá rẹ̀ tí ọ̀gá kò sì dáhùn, ó lè jẹ́ pé ìrònú ni ó gba ọ̀gá lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé náà bá gbà pé ọ̀gá ka òun sí aláìmọṣẹ́, ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Bí ó bá rí àṣìṣe nínú ìwé ìṣirò owó, yóò dákẹ́, kí a má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí iṣẹ́ bá ta kókó, kò ní bèèrè. Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé ó ń fà sẹ́yìn, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò mọ iṣẹ́. Báyìí ni èrò tí kò ní ìpìlẹ̀ ṣe ń di òtítọ́, tí owó sì ń ṣòfò.

Ní ọdún 1902, Charles Horton Cooley, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀ràn yìí wé dígí: ènìyàn a máa wo ara rẹ̀ nínú ohun tí ó rò pé ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n dígí náà a máa purọ́ nígbà mìíràn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2021 nípa àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ènìyàn a sábà máa rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kò fẹ́ràn òun tó bí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́.

Lóòótọ́, àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀gá máa yin iṣẹ́ tí ó dára, kí ó sì máa tọ́ka sí àṣìṣe láìsí ẹ̀gàn. Ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ wádìí kí ó tó dá ẹjọ́ lọ́kàn ara rẹ̀, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.