Ìdérí Ìgò Ni Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin. Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn, ọwọ́ kan péré ni a fi ń gbé e. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Tákìé kọjá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti bọ́ aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀, ẹ ó rí i: agolo sadíìnì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò mẹ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn kan sì wà ní imú rẹ̀ tí ọmọ fi ń fà á. Àwọn mìíràn a máa gé àtẹ́lẹsẹ̀ sìlípáàsì tó ti já fi ṣe táyà. Àwọn mìíràn a sì máa fi pòpórò àgbàdo ṣe gbogbo ara ọkọ̀. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe é.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe olùkọ́, mo gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, nítorí pé ó ń fi í ṣeré lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Páálí ni ó fi ṣe é, ó gé e ní àwòrán Fólíswágìn tí à ń pè ní Ìjàpá. Ó na rọ́bà tí ó gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn títí tí rọ́bà fi wé mọ́ irin ẹsẹ̀ náà, tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ yóò sáré fúnra rẹ̀. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí gbogbo wọn lọ sílé tán, mo mú un jáde, mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Imú rẹ̀ gbé sókè fìrì, ó sì dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lókè bí ti ìjàpá tí wọ́n dà délẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ yìí kò mọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì mo dá a padà fún un, mo sì sọ àbùkù rẹ̀ fún un. Ó ní, “Mo mọ̀, sà. Òkúta ni mo fẹ́ fi síwájú rẹ̀ kí ẹ tó gbà á.” Ojú tì mí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹnìkan bi pé kí ló gbé imú ọkọ̀ náà sókè, n kò ní lè fèsì lójú ẹsẹ̀.

Èsì náà nìyí. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ dúró nínú bọ́ọ̀sì tí dẹ́rẹ́bà sì gbéra lójijì. Ẹsẹ̀ yín bá ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara yín lókè fẹ́ dúró síbi tó wà, ẹ sì fì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì í síwájú láti ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ lókè ń lọ́ra, ìwúwo a sì kúrò níwájú lọ jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá kúrú, tí ó ga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti wúwo tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú lè má kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú ni a ń kó ẹrù sí.

Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ imú ọkọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́ ní Kalifóníà ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń yọ ohun tó wúwo kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n díje ní méjì méjì, lójú ọ̀nà tààrà tí kò ní kọ́nà. Ìdámẹ́rin máìlì, èyí tí í ṣe 402 mítà, ni wọ́n ń sá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Drag racing ni wọ́n ń pe eré náà. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ kí eré náà lè kúrò lójú títì, níbi tó ti lè pa ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, kí ó sì bọ́ sí pápá tó ní òfin. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọn kò lò mọ́ wúlò fún wọn púpọ̀.

Eré tí kò gba ìṣẹ́jú kan yìí ló sọ ọkọ̀ di abàmì. Táyà ẹ̀yìn tóbi, ó fẹ̀, ó sì dán láìní ìlà kankan, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwúwo ń sá lọ, ibẹ̀ náà ni a ti ń di ilẹ̀ mú. Táyà iwájú tín-ín-rín bí ti kẹ̀kẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó tọ́ ọ̀nà lọ. Wọ́n fa imú rẹ̀ gùn gan-an, nítorí pé ìwúwo kékeré tó jìnnà lágbára, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó jókòó sí ìpẹ̀kun jangirọ́fà ti lè gbé àgbà tó jókòó nítòsí àárín. Òmíràn ní ẹsẹ̀ wíńníwínní méjì lẹ́yìn pátápátá, èyí tí kì í kan ilẹ̀ àfi bí imú bá gbé sókè jù. Ìjàpá náà kò gbẹ́yìn: ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ EMPI ní Kalifóníà tún Ìjàpá kan ṣe fún eré yìí, wọ́n pè é ní Inch Pincher, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1970, Don Garlits jókòó sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ní pápá Lions ní Kalifóníà, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe nígbà náà. Ẹni tó ti sáré ju 320 kìlómítà ní wákàtí kan láti 1964 ni. Bí ó ti gbéra báyìí, gíà bú gbàmù, ó gé ọkọ̀ sí méjì, ó sì gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Garlits padà lọ kọ́ ọkọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀. Ní 1971 ó fi í borí, kò sì pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e.

Irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò lówó rẹ̀ ń kọ́ ní kékeré sórí tábìlì, àwọn àgbà sì ń ṣe é di òní. Ilé-iṣẹ́ bí AMT àti Revell ń ta ike rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, kí olúkúlùkù máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìwọ̀n tí AMT mú lò jù ni ẹyọ kan sí 25, èyí ni pé ohun tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 lára ọkọ̀ gidi yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan lára kékeré: ilẹ̀kùn, gíláàsì, táyà, gbogbo rẹ̀, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọmọ bá dín gígùn kù tí kò dín gíga kù bákan náà, ọkọ̀ ìṣeré ló ṣe, kò tíì ṣe àwòṣe.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra táyà ló lè yan 25. Tiwa, ilé-iṣẹ́ ọtí àti mínírà ló ti yàn án fún wa. Mo fi rúlà wọn ìdérí ìgò, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.2 láti etí dé etí. Táyà Ìjàpá gidi sì ga tó nǹkan bí 64. Ẹ pín 64 sí ọ̀nà 3.2, ẹ ó rí 20. Nítorí náà, 20 ni gbogbo ohun yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú Ìjàpá dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 240. Tiwa yóò jẹ́ 12. Gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 408, tiwa, 20.4. Fífẹ̀ rẹ̀, 154, di 7.7. Gíga rẹ̀, 150, di 7.5. Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975 kò wọ́pọ̀ mọ́, àmọ́ bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ọgbà mẹkáníìkì, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ má kàn gba tèmi gbọ́.

Ó wá ku ìwúwo, ibẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ti ṣubú. Ìjàpá wúwo tó nǹkan bí 800 kìló. Mo ní, “Èló ni tiwa yóò jẹ́?” Wọ́n pariwo pé, “Ogójì kìló!” Mo ní ogójì kìló fẹ́ẹ̀ tó àpò sìmẹ́ńtì kan, ta ni yóò gbé e sórí tábìlì fún mi? Ẹ mú ṣúgà oníhóró, kí ẹ tò ó ní méjì gígùn, méjì fífẹ̀, méjì gíga. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì hóró kan, ṣùgbọ́n hóró mẹ́jọ ni ẹ lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa: a pín gígùn sí 20, a pín fífẹ̀ sí 20, a pín gíga sí 20, èyí tí í ṣe 8,000. Ẹ pín 800 kìló sí ọ̀nà 8,000, gíráàmù 100 péré ló kù.

Kíkọ́ rẹ̀ kò le. Páálí ni kí ẹ lò, nítorí etí agolo mú ju abẹ lọ, mo ti rí ìka tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni irin ẹsẹ̀. Ẹ fi ike báírò bò ó kí ó lè máa yí geere. Ẹ lu ìdérí ìgò ní àárín gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa tiro. Ẹ wé rọ́bà tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan, nítorí lórí sìmẹ́ńtì, irin lásán a máa yí lójú kan.

Mo gbé ọkọ̀ ọmọ náà lọ sórí ìwọ̀n ìyá kan tó ń ta ẹja dídì. Gíráàmù 60 ni. Nítorí náà òkúta gíráàmù 40 ni ó tọ́ sí i, a sì so ó mọ́ imú pátápátá, níbi tí a ń kó ẹrù sí. A wá wọn ọ̀nà: 402 mítà tí a pín sí 20 jẹ́ mítà 20 ó lé díẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé wa sì gbà á. Gbogbo kíláàsì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ náà yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Imú gbé díẹ̀, ó padà balẹ̀, ọkọ̀ sì lọ tààrà. Ó dúró ní mítà mẹ́fà. Ó ku mẹ́rìnlá, ọmọ náà sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ kan bóyá ó ní tíúbù tó ti bẹ́.